Eré Ìje Nínú Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà: Láti Brazzaville Dé Accra

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, ní Harare tí í ṣe olú-ìlú Sìmbábúè, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sá eré 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.43. Orúkọ rẹ̀ ni Fátímà Yusuf. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí obìnrin Áfíríkà kan tó sá eré yìí tí àsìkò rẹ̀ kò pé 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá gbéra ní Ọ̀bà-Ilé nítòsí Àkúrẹ́, tó forí lé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ló mú pọ̀n yẹn, ìrìn-àjò tí ọkọ̀ kì í pẹ́ rìn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ní Ọ̀bà-Ilé, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, tó ń ka ìtàn Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà, ìtàn ilé rẹ̀ ló ń kà.

Ìdíje yìí ni àpéjọ eré ìdárayá tó tóbi jù lọ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Oríṣiríṣi eré ló wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, odò wíwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, ìyẹn eré ìje àti àwọn eré orí pápá tó bá a rìn: sísá, fífò àti sísọ. Ohun méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkíní ni pé ìjàkadì fún òmìnira ló bí ìdíje náà. Èkejì ni pé pápá ilé-ìwé ni gbòǹgbò àwọn tó gba wúrà níbẹ̀, orí ìdíje Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà kí wọ́n tó dé ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n.

Ìgbìyànjú tó forí ṣánpọ́n, 1923 sí 1929

Èrò pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìdíje tiwọn ti pẹ́ ju òmìnira lọ. Ní ọdún 1923, níbi ìpàdé Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé ní Róòmù, Pierre de Coubertin, ọmọ Faransé tó dá Òlíḿpíìkì òde òní sílẹ̀, ṣe agbátẹrù àbá pé kí eré ìdárayá kan wà fún ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní Algiers ni yóò ti wáyé ní ọdún 1925. Kò bọ́ sí i. Wọ́n sún un sí ọdún 1929, wọ́n sì gbé e lọ sí Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìjọba amúnisìn, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, fòpin sí i.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí àwọn ọ̀dọ́ láti agbègbè tí òyìnbó ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá péjọ sí pápá kan, wọn yóò mọ ara wọn. Ìmọ̀ra-ẹni yìí ni àwọn alákòóso kò fẹ́. Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba òmìnira, kò sẹ́ni tó tún dá a wò.

Bí eré ìje ṣe fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní àkókò yìí, eré ìje ti ń ta gbòǹgbò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn ló mú ìlànà rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tètè sọ ọ́ di tiwọn. Lọ́dọọdún, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan a pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ òféfèé àti aláwọ̀ ewé. Wọ́n á fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà sórí koríko. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da yanrìn sí i fún àwọn tó ń fò jìnnà. Tíṣà eré ìdárayá á gbá pákó méjì pọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tíṣà mìíràn á sì dúró sídìí òwú tí wọ́n nà sí òpin ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ àwọn lè sáré.

Àwọn tó bá yọrí nílé ìwé wọn a lọ figagbága pẹ̀lú ilé-ìwé mìíràn. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, ife-ẹ̀yẹ Grier, tí wọ́n fi sọrí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ kan nígbà ìjọba amúnisìn, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ọkùnrin ń lé. Àwọn ọmọbìnrin náà ní ife-ẹ̀yẹ Lady Manuwa. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kò pẹ́ dé agbègbè wa. Ọdún 1919 ni wọ́n dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, Christ's School ti Adó-Èkìtì dé ní ọdún 1933, Aquinas College sì bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1951. Bí ilé-ìwé ti ń pọ̀ sí i ni pápá ń pọ̀ sí i, tí àwọn ọmọ tó ń sáré sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1944, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré ìje jákèjádò Nàìjíríà sílẹ̀. Èso rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Ní ọdún 1950, ní Auckland ní Niu Sílándì, Josiah Májẹ́kódùnmí gba fàdákà nínú fífò sókè níbi ìdíje àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a mọ̀ sí Kọ́mọ́nwẹ́lì lónìí. Ọdún 1952 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì, ní Helsinki. Májẹ́kódùnmí wà níbẹ̀, Karim Olowu náà sì wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní Vancouver ní Kánádà, Emmanuel Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8 sókè, ó sì gba wúrà. Bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀, ti ẹsẹ̀ òsì. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé ńlá bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtẹríba fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà lè bá ọmọ Ọsirélíà figagbága ní Vancouver, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí òun àti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tàbí ọmọ Íjíbítì ti lè pàdé lórí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀.

Brazzaville, 1965

Àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ti ṣàkóso ló kọ́kọ́ lànà. Wọ́n ṣe Eré Ọ̀rẹ́ ní Antananarivo ní ọdún 1960, ní Abidjan ní ọdún 1961 àti ní Dakar ní ọdún 1963. Ní ọdún 1962, àwọn mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá péjọ sí Paris, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n sọ eré náà di ti gbogbo Áfíríkà, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń dara pọ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje ọdún 1965, ìdíje àkọ́kọ́ ṣí ní Brazzaville, olú-ìlú Kóńgò. Nǹkan bí 30 orílẹ̀-èdè ló rán eléré ìdárayá lọ. Ibẹ̀ ni Kipchoge Keino ti Kẹ́ńyà ti gba wúrà nínú eré 1,500 mítà àti 5,000 mítà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di ẹni tó yára jù lọ láyé nínú 3,000 mítà àti 5,000 mítà. Gaoussou Koné ti Ivory Coast ló ta gbogbo ọkùnrin yọ nínú 100 mítà àti 200 mítà.

Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Jùmọ̀kẹ́ Bọ́dúnrìn ló gba wúrà 100 mítà àwọn obìnrin. Samuel Igun gba wúrà méjì, nínú fífò sókè àti fífò oníṣísẹ̀ mẹ́ta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Igun lọ sí ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì ní Kingston, ó sì tún gba wúrà nínú fífò oníṣísẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kíyè sí bí ó ti tò ó: ìdíje Áfíríkà ló kọ́kọ́ jáwé olúborí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni òkè-òkun. Bákan náà ni ọ̀nà ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e yóò ṣe rí.

Ìdádúró ọdún mẹ́jọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà sílẹ̀ ní Bamako. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, ló di ààrẹ rẹ̀. Jean-Claude Ganga, ọmọ Kóńgò, ni akọ̀wé àgbà. Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ìgbìmọ̀ yìí: kí wọ́n máa ṣètò ìdíje, kí wọ́n sì rí i pé Gúúsù Áfíríkà àti Rodéṣíà, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń tẹ àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀, kò ráyè láwùjọ eré ìdárayá àgbáyé.

Bamako ló yẹ kó gba ìdíje kejì lálejò ní ọdún 1969. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, àwọn ológun gba ìjọba ní Málì, ètò náà sì fọ́. Èkó gbà láti gbé e. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà. Oṣù Kíní ọdún 1970 ló parí. Ọdún 1971 tí wọ́n kọ́kọ́ dá kò ṣeé ṣe, wọ́n sì sún un sí ọdún 1973. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon rí i pé ìdíje náà yóò fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun ní ohun kan tí gbogbo ẹ̀yà lè jọ fi yangàn. Wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè sí Sùúrùlérè, ó sì ṣí ní ọdún 1972.

Èkó, oṣù Kíní ọdún 1973

Ọjọ́ keje sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kíní ni ìdíje kejì wáyé. Oṣù mẹ́rin péré ni Òlíḿpíìkì Munich ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà àwọn tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n náà ló wá sí Sùúrùlérè. John Akii-Bua ti Ùgáńdà, tó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú eré 400 mítà onídènà, wá, ó sì tún borí. Miruts Yifter ti Etiópíà ló gba 10,000 mítà. Ohene Karikari ti Gánà ló gba 100 mítà ọkùnrin. Alice Annum, ọmọ Gánà bákan náà, gba 100 mítà àti 200 mítà obìnrin.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Ben Jipcho ti Kẹ́ńyà jáde fún eré 3,000 mítà onídènà. Eré yìí le. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ni asáré máa ń fo igi ìdènà, ẹ̀ẹ̀meje sì ni yóò fo igi tí kòtò omi wà níwájú rẹ̀; bàtà rẹ̀ á ti kún fún omi kí ó tó dé ìlàjì ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20.8 ni Jipcho fi parí rẹ̀. Iye yìí gan-an ni àsìkò tó yára jù lọ láyé nígbà náà, èyí tí Anders Gärderud ti Swídìn sá ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Wọ́n dọ́gba. Jipcho gba wúrà 5,000 mítà pẹ̀lú, kí oṣù Kẹfà ọdún kan náà sì tó parí ó ti sọ ara rẹ̀ nìkan di ẹni àkọ́kọ́ láyé nínú eré onídènà náà.

Eré 1,500 mítà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí. Keino, àgbà asáré tó ti gba wúrà ní Brazzaville àti ní Òlíḿpíìkì Mexico, wà níbẹ̀. Filbert Bayi ti Tànsáníà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lórúkọ púpọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn asáré jíjìn ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ara pa mọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn títí eré yóò fi kù díẹ̀. Bayi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Iwájú ló máa ń mú láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì ní kí ẹni tó bá lè bá a, bá a. Ó borí, Keino sì ṣe ìkejì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì ọdún 1974, Bayi fi ọ̀nà kan náà sá 1,500 mítà ní Christchurch ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.16, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá rí.

Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, Modúpẹ́ Oshikoya ló gba ọkàn àwọn èrò ìwòran. Ó gba wúrà 100 mítà onídènà, ó gba ti fífò sókè, ó sì gba ti fífò jìnnà. Ìmọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. Eré onídènà ń fẹ́ ìṣísẹ̀ tí kò yẹ̀. Fífò sókè ń fẹ́ kí a yí agbára eré padà sí òkè ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Fífò jìnnà ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ pátákó gan-an láìkọjá rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ara ènìyàn kan gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1974, ó lọ sí ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì ní Christchurch, ó gba wúrà fífò jìnnà, fàdákà nínú eré alápapọ̀ márùn-ún, àti idẹ nínú eré onídènà. Òun náà gba Èkó kọjá kí ó tó dé òkè-òkun.

Ohun tí ìdíje Èkó fi sílẹ̀

Ìdíje náà fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Àjọ Eré Ìje Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lásìkò náà gan-an, tí Lamine Diack ti Sẹ̀nẹ̀gà sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Láti ọdún 1979 ni àjọ yìí ti ń ṣe ìdíje eré ìje tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Dakar.

Èkejì ni Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973 kan náà. Ète rẹ̀ ni kí àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ máa pàdé, kí ọgbẹ́ ogun lè jinná, kí orílẹ̀-èdè sì lè rí àwọn tí yóò rán lọ sí ìdíje Áfíríkà. Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ìdárayá agbègbè wa ti ń jáde lábẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ tiwọn. Ọmọ Èkìtì àti ọmọ Oǹdó jọ wọ aṣọ kan náà títí di ọdún 1996 tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀.

Àǹfààní ńlá ni èyí mú wá. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ kí wọ́n yàn án gbọ́dọ̀ tayọ láàárín gbogbo ọmọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Nísinsìnyí, ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí ló ń wá a kiri. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré sí Àkúrẹ́, wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé káàkiri.

Òmìnira lórí pápá

Ìjà tí Ìgbìmọ̀ Gíga ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà jà kò mọ sí orí ìwé. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ rọ́gbì Niu Sílándì lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí Niu Sílándì kópa nínú Òlíḿpíìkì Montreal. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì kọ̀. Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó ẹrù wọn, wọ́n pa dà sílé. Ní ọdún 1978, Nàìjíríà kọ̀ láti lọ sí ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì ní Edmonton nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Àwọn eléré ìje ló san gbèsè rẹ̀. Bayi àti Akii-Bua wà ní ìgbà tí agbára wọn kún, wọn kò sì sáré ní Montreal. Ọdún díẹ̀ ni ara eléré ìje fi ń gbé e; bí ó bá ti kọjá, kì í pa dà. Ó yẹ kí a ka orúkọ wọn mọ́ àwọn tó jà fún òmìnira Gúúsù Áfíríkà, nítorí ohun tí wọ́n yááfì kò kéré.

Ìdíje kẹta wáyé ní Algiers ní ọdún 1978. Henry Rono ti Kẹ́ńyà, tó sọ àmì ayé mẹ́rin di tuntun lọ́dún náà, gba wúrà 10,000 mítà àti 3,000 mítà onídènà. Lẹ́yìn èyí, owó di ìṣòro. Nairobi tó yẹ kó gba àlejò ní ọdún 1982 kò lè ṣe é títí di ọdún 1987. Níbẹ̀ ni Chidi Imoh ti Nàìjíríà ti gba wúrà 100 mítà. Cairo gbà á ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ̀ láìyẹ̀, àfi nígbà tí ti Accra sún síwájú ní oṣù díẹ̀.

Fátímà Yusuf: Auckland, Harare, Atlanta

Ìtàn eléré ìje kan láti ìpínlẹ̀ wa yóò jẹ́ kí a rí bí àwọn ìdíje wọ̀nyí ṣe so kọ́ ara wọn. Ọdún 1971 ni wọ́n bí Fátímà Yusuf ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gba wúrà 400 mítà níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì ní Auckland ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990. Ìlú yìí kan náà ni Májẹ́kódùnmí ti gba fàdákà ní 40 ọdún ṣáájú. Níbi ìdíje náà, Yusuf Alli gba wúrà fífò jìnnà fún Nàìjíríà, Adéwálé Olúkòjú sì gba ti àwo sísọ. Fátímà àti Adéwálé fẹ́ ara wọn lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí ìwé mìíràn fi ń pè é ní Fátímà Yusuf-Olúkòjú. Ó tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Azusa Pacific ní Amẹ́ríkà, ó ń kàwé, ó ń sáré.

Eré 400 mítà jẹ́ yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Olúkúlùkù ló ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, wọn kì í sì í gbéra lójú ìlà kan náà, nítorí ẹni tó wà ní ìta á rìn jìnnà ju ẹni tó wà nínú lọ ní igun pápá. Fún ìdí èyí, ẹni tó wà ní ìta kì í rí àwọn tó ń lé e títí ó fi pẹ́. Bí asáré bá fi gbogbo agbára sá 200 mítà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wúwo bí òjé ní 100 mítà tó kẹ́yìn. Bí ó bá sì rọra jù, kò ní rí àwọn tó ti lọ bá mọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú pínpín agbára.

Ní Harare ní ọdún 1995, Fátímà pín in dáadáa. Ìṣẹ́jú-àáyá 49.43 túmọ̀ sí pé, bí a bá dá a sí mẹ́rin, ó sá 100 mítà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12.36, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra láìsinmi. Orí òkè ni Harare wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, èyí sì máa ń ran asáré ọ̀nà kúkúrú lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin Áfíríkà ló ti sáré lórí òkè ṣáájú rẹ̀, tí kò sí èyí tó ṣe é. Ìdíje yìí kan náà ni Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ kópa nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí Nelson Mandela ti di ààrẹ. Iṣẹ́ tí Ordia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé ní ọdún 1966 ti so èso.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Òlíḿpíìkì Atlanta, Fàlílát Ògúnkọ̀yà sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, ó gba idẹ lẹ́yìn Marie-José Pérec ti Faransé àti Cathy Freeman ti Ọsirélíà, àmì Áfíríkà tí Fátímà fi lélẹ̀ sì di tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Bísí Afọlábí àti Charity Opara, jáde fún eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń sá 400 mítà kí ó tó fi ọ̀pá lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bísí ló bẹ̀rẹ̀, Fátímà gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún Charity, Charity sì fún Fàlílát. Amẹ́ríkà lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20.91. Nàìjíríà lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21.04. Jámánì lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21.14. Lẹ́yìn 1,600 mítà, ohun tó wà láàárín wúrà àti fàdákà kò ju ìdá 13 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹnì kan péré nínú àwọn mẹ́rin bá ti lọ́ra díẹ̀, fàdákà náà ì bá bọ́ mọ́ Jámánì lọ́wọ́.

Láti Àbújá dé Accra

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, ìdíje náà tún pa dà sí Nàìjíríà, ó sì wáyé ní Àbújá, ní pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ààrẹ nígbà náà. Déjì Àlíù ló gba wúrà 100 mítà ọkùnrin ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.95. Nàìjíríà ló gba wúrà jù lọ ní gbogbo ìdíje náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Déjì wà lára àwọn mẹ́rin tó gba idẹ fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Athens, nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin onímítà 100.

Nígbà tí Àbújá ń gbé tuntun, Sùúrùlérè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Pápá tí Jipcho ti sá bíi ti ẹni tó yára jù lọ láyé di ibi tí koríko hù, tí àga ìjókòó rẹ̀ sì fọ́. Owó tí a fi kọ́ pápá tuntun kì í rọ́pò owó tó yẹ kí a máa fi tọ́jú èyí tó ti wà. Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo ìpínlẹ̀, tiwa náà sì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2013, Ìgbìmọ̀ Gíga túká, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ní ọdún 2015, ìdíje náà pa dà sí Brazzaville láti sàmì 50 ọdún. Ibẹ̀ ni Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba wúrà 100 mítà onídènà. Ó tún gbà á ní Rabat ní ọdún 2019, ó sì tún gbà á ní Accra ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje tó yẹ kó wáyé ní ọdún 2023. Láàárín èyí, ní ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan láyé kò sá rí. Wúrà tí Modúpẹ́ Oshikoya kọ́kọ́ gbà ní Sùúrùlérè ní ọdún 1973 náà ni Tóbi ń gbà láti ọdún 2015.

Ìkádìí

Bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí pọ̀, ìlànà kan hàn kedere. Igun gba wúrà ní Brazzaville kí ó tó gbà á ní Kingston. Oshikoya àti Bayi borí ní Èkó kí wọ́n tó borí ní Christchurch. Fátímà sá 49.43 ní Harare kí fàdákà Atlanta tó dé. Déjì gba Àbújá kọjá dé Athens, Tóbi sì gba Brazzaville kọjá dé Eugene. Ìdíje tí àwọn amúnisìn fòpin sí ní ọdún 1929 ti di ibi tí ọmọ Áfíríkà ti ń mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdíje Áfíríkà. Kí ọmọ tó lè dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ sáré níbì kan nígbà tó ṣì kéré, kí àgbàlagbà kan tó ní ìmọ̀ sì ti rí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò ní pápá mọ́. Ilé ìgbé àti ṣọ́ọ̀bù ti gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀bà-Ilé fúnra rẹ̀ ń gbòòrò lójoojúmọ́ bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń kọ́lé síbẹ̀. Ojúṣe ìjọba, àwọn ọba, àwọn onílé-ìwé àti àwọn òbí ni kí wọ́n rí i pé ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí ọmọ lè fi sáré, olùkọ́ eré ìdárayá tó mọṣẹ́, àti ìdíje ọdọọdún tí kò yẹ̀. Ọmọ tí yóò jáde bíi Fátímà Yusuf ti wà nínú kíláàsì báyìí. Bí kò bá sí pápá tí yóò ti sáré, a kò ní mọ̀ ọ́n.